Sájẹ́ǹtì, Ẹja Tí Màmá Mi Wá Ẹnìkejì Fún

Òórùn omi ẹja ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà ní ilé wa ní Máfolúkù. Kì í ṣe òórùn ẹja yíyan, kì í sì í ṣe ti ẹja tó ti pẹ́ lórí àtẹ. Òórùn tútù kan báyìí ni, bíi ti ìsàlẹ̀ àmù tí wọn kò fọ̀ láti ìgbà òjò. Mo wọ pálọ̀ tòun ti aṣọ ìsùn, mo bá bàbá mi níwájú àpótí dígí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ́díógíráàmù, ó káwọ́ sẹ́yìn. Epìyà kẹta tó rà ti kú. Ó léfòó, kò ní ìrù mọ́. Lẹ́yìn òkúta dúdú tó wà lápá òsì, Sájẹ́ǹtì dúró jẹ́ẹ́, ó ń la ẹnu, ó ń pa á dé, bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀.

Àwọn ọdún tí owó epo ń ya wọ̀lú nìyẹn. Ilé kan ń ra fíríìjì, òmíràn ń ra tẹlifíṣọ̀n tó ní ilẹ̀kùn bíi kọ́bọ́ọ̀dù. Ní tiwa, ẹja ló wọlé. Ibi tí wọ́n ti ń já ẹrù ọkọ̀ òfurufú ni bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́. Òyìnbó kan tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ fẹ́ padà sílùú rẹ̀, ló bá fa ẹja náà lé e lọ́wọ́, pẹ̀lú àpótí dígí gbọọrọ àti ẹ̀rọ kékeré tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi. Ẹja náà gùn tó bàtà bàbá mi. Ó dúdú bí èédú, ṣùgbọ́n àwọn ìlà pupa wà lára rẹ̀ bí ẹyin iná tó ṣẹ́kù sí ààrò. Nítorí àwọn ìlà yẹn, tó jọ ti apá aṣọ sójà, ni bàbá mi ṣe sọ ọ́ ní Sájẹ́ǹtì.

Òyìnbó náà kìlọ̀ pé ká jẹ́ kó dá gbé, pé oníjà ni. Bàbá mi kàn rẹ́rìn-ín. "Òyìnbó ló lè dá gbé," ó wí fún màmá mi. "Ta ló ń dá gbé níbí?" Òótọ́ ló sọ, torí ilé wa kún fún àwọn ìbátan tó wá láti Èkìtì wá iṣẹ́ l'Ékòó. Ló bá ń ra epìyà lọ́wọ́ àwọn apẹja lọ́nà Ìsọlọ̀, Sájẹ́ǹtì náà sì ń pa wọ́n.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń wí yìí, màmá mi ló fi asẹ́ kó òkú epìyà náà jáde. "Bàbá Fúnmi, ó tó gẹ́ẹ́," ó wí. "Ẹ jẹ́ kó dá wà bí ẹni tó ni ín ṣe wí." Bàbá mi gbà.

A rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí Sájẹ́ǹtì fi dẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ nísàlẹ̀ omi. A ju edé sí i, kò wò ó. A wa ekòló fún un lẹ́yìnkùlé, ekòló rà sínú omi. Ìlà pupa ara rẹ̀ ń ṣá. Bàbá mi á ti ibi iṣẹ́ dé, kò ní bọ́ bàtà kó tó lọ wò ó, á sì mí kanlẹ̀. Ó fẹ́ràn ẹja yẹn ju bó ṣe ń sọ lọ.

Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan l'Óṣòdì ni màmá mi ti ń kọ́ àwọn ọmọ. Ó ní ọ̀rọ̀ kan tó máa ń sọ fún wa, ìbáà jẹ́ lórí iṣu gbígbóná tàbí ìjà ọmọdé: "Kọ́kọ́ wò ó ná." Ló bá gbé àga síwájú dígí náà. Lójoojúmọ́, bó bá ti jẹun ọ̀sán tán, á jókòó síbẹ̀, á máa wo ẹja. Ó rí i pé tí àwa ọmọdé bá pariwo yí àpótí ká, Sájẹ́ǹtì á dìde, á wá wò wá. Tí a bá jáde, á tún dùbúlẹ̀. Ó wá rántí ohun kan nípa àwọn epìyà yẹn.

"Kò lé wọn níta gbangba rí," ó sọ fún bàbá mi. "Ìgbà tí wọ́n bá sún mọ́ òkúta rẹ̀ ló ń jà. Wọ́n kéré, wọ́n sì wá bá a nílé rẹ̀."

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ó ti ọjà Oṣòdì dé pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Àrọ̀ kan ló wà nínú rẹ̀, orí rẹ̀ fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́, òun àti Sájẹ́ǹtì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi bákan náà.

"Ìyá Fúnmi, ìwọ náà lo ní ó tó gẹ́ẹ́," bàbá mi wí.

"Mo sọ bẹ́ẹ̀. Mo ti wò ó sí i."

Ó ká ọwọ́ bùbá rẹ̀ sókè, ó sì ki ọwọ́ bọ omi láti mú Sájẹ́ǹtì. Ẹja tí a rò pé ó ti ń kú yẹn gé e níka jẹ, ẹ̀jẹ̀ jáde. Ó fi aṣọ di ìka náà, ó tún ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó gbé e sínú báàfù. Ó wá tú gbogbo òkúta inú àpótí náà ká, kí ibẹ̀ lè di ilé tuntun fún àwọn méjèèjì. Èyí tó dúdú lọ sí apá ọ̀tún, ó sì to àwọn yòókù sáàárín bí ihò. Ó kọ́kọ́ da àrọ̀ sínú rẹ̀, ó jẹ́ kó rìn kiri títí a fi jẹun ọ̀sán tán, kó tó dá Sájẹ́ǹtì padà.

Sájẹ́ǹtì sáré lọ sápá òsì, kò bá òkúta rẹ̀ níbẹ̀. Ó yí po, ó tún yí po. Ìgbà náà ló rí àlejò. Ó na lẹbẹ ara rẹ̀ gbogbo, ó sì já lù ú. Omi ta sórí kápẹ́ẹ̀tì. Káyọ̀dé, àbúrò mi, bú sẹ́kún. Bàbá mi gbá asẹ́ mú.

"Ẹ dúró," màmá mi wí, ó di apá rẹ̀ mú. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró díẹ̀."

Àrọ̀ kò sá. Ó yí orí ńlá rẹ̀ padà, ó na ẹ̀gún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì síta. Sájẹ́ǹtì fi ẹnu kàn án, ó fà sẹ́yìn kíá. Àwọn méjèèjì dojú kọ ara wọn, wọn kò mira. Bí ọkọ̀ òfurufú kan ṣe fò kọjá lókè ilé wa nìyẹn, tí dígí gbọ̀n, tí àwọn méjèèjì fọ́n ká. Nígbà tí omi rọlẹ̀, Sájẹ́ǹtì wà lẹ́yìn òkúta dúdú lápá ọ̀tún, àrọ̀ sì ti wọ inú ihò àárín. Kò sí èyí tó lọ bá èkejì mọ́. Bàbá mi gbé asẹ́ kalẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, Sájẹ́ǹtì gba edé lọ́wọ́ màmá mi.

"Ẹ̀rù ò bà ọ́ ni?" bàbá mi bi í.

"Ẹ̀rù bà mí o. Ṣùgbọ́n ṣé ká máa wò ó kó kú ni?"

Wọ́n jọ gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n ń fìjà pẹ́ẹ́ta lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n wọn kò ṣe ara wọn léṣe. Àwọn èèyàn ń ti Àìlégùn wá wò wọ́n, màmá mi á sì máa ṣàlàyé bó ṣe ṣe é, inú bàbá mi á máa dùn lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni pé òun ló ṣe é. Nígbà tí a kó lọ sí Ìsọlọ̀, inú bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n bá wa lọ, màmá mi sì rí i dájú pé àwọn méjèèjì wọ àpótí padà lẹ́ẹ̀kan náà. Ọjọ́ ogbó ni Sájẹ́ǹtì kú.

Ọmọdébìnrin tí mo jẹ́ nígbà yẹn kò gbà pé ẹ̀rù ba màmá òun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé etí ara rẹ̀ ló fi gbọ́ ọ. Ó rò pé bí àwọn àgbà ṣe rí nìyẹn, pé bí òun náà bá dàgbà, òun á kàn máa mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe. Mo ti dàgbà ju màmá mi ìgbà yẹn lọ dáadáa báyìí. Mo ní àpótí dígí tèmi ní Àjàó, àwọn ẹja wẹ́wẹ́ jẹ́jẹ́ ló wà nínú rẹ̀, wọn kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Àwọn ọmọ-ọmọ mi ń bẹ̀ mí kí n ra ẹyọ kan tó tóbi, tó le. Mo máa ń sọ fún wọn pé kò sí àyè.

Àyè wà. Àyà ni n kò ní.