Lẹ́tà Tẹ́ẹ́rẹ́ tí Ìyá Mi Fẹ́ràn

Gbà-kù, gbà-kù. Ìró ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ìyá mi ni mo kọ́kọ́ mọ̀ láyé. Nínú gbogbo irú lẹ́tà onírin tó fi ń tẹ̀wé ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, irú kan ló fẹ́ràn jù: ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ní ẹsẹ̀ kéékèèké tó fi ń dúró lórí ìlà bí ẹni tó wọ bàtà tuntun.

Òun ni Màmá fẹ́ fi tẹ ìwé ìpè ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Àmọ́ bébà tí ẹ̀gbọ́n mi rà le, ẹ̀rù sì ń bà á pé lẹ́tà tẹ́ẹ́rẹ́ kò ní hàn lórí rẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lo èyí tó sanra. Èyí á pòórá."

"Ìwọ náà tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ́rẹ́, ọkọ ẹ ṣáà rí ẹ."

Ẹ̀rín pa wá. Màmá fi omi díẹ̀ pa bébà náà lára kó lè rọ̀, ó sì tẹ ọ̀kan. Ìlà tó tín-ín-rín jù pàápàá hàn kedere. Ẹ̀gbọ́n mi tẹjú mọ́ orúkọ ara rẹ̀.

"Háà! Ṣé bí mo ṣe rẹwà tó nìyí?"

Ó sáré lọ fi han ọkọ rẹ̀, èmi náà tẹ̀ lé e. Màmá nìkan ló kù. Ó mú àkísà, ó ń nu tàdáwà kúrò lára àwọn lẹ́tà náà lọ́kọ̀ọ̀kan títí gbogbo wọn fi mọ́.