Iyùn Tí A Kò Wẹ̀

Omi tó ń kán láti ara àpò ọ̀rá ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Ó ń kán sórí táìlì pálọ̀ wa ní Ugbor, nílẹ̀ Ẹ̀dó, bàbá ìyàwó mi sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n gbá àpò náà mọ́yà bí ẹni gbé ọmọ jòjòló, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Láti Èkó ni wọ́n ti gbé e lé itan. Awakọ̀ ní òun á bá wọn gbé e sí búùtù, wọ́n kọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ dúró ní Òrè kí àwọn èrò lè jẹun, Bàbá kò sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, kò sì sẹ́ni tó ń gba ohun tó bá wà lọ́wọ́ wọn. Ọdún ti gorí ọdún, inú ṣì ń bí mi. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí pé n kò gbọdọ̀ sọ ọ́ nínú ilé mi.

Táǹkì gíláàsì kan wà ní pálọ̀ wa, omi oníyọ̀ ló wà nínú rẹ̀, iyùn ààyè la sì ń sìn níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ pé nǹkan ẹlẹ́mìí ni iyùn. Ọjọ́ tí onílé wa, ọmọ Ẹ̀dó pọ́ńbélé, kọ́kọ́ rí i, ó ṣí fìlà lórí, ó rọra béèrè pé, "So na like this e dey be before dem take am make bead?" Èmi náà bẹ̀rẹ̀ àlàyé bí ọ̀jọ̀gbọ́n, pé èyí yàtọ̀ sí ti ìlẹ̀kẹ̀, pé ẹnu ló ní, pé ó ń jẹun. Ẹ bá mi rẹ́rìn-ín. Òṣìṣẹ́ báǹkì tó ń jókòó sídìí káńtà ní Airport Road láti àárọ̀ dalẹ́, bó bá délé, á di dókítà iyùn. Á wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, á ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan gíláàsì òun. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé Bọ̀dá Olómi-iyọ̀ ni wọ́n ń pè mí lẹ́yìn ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ṣùgbọ́n táǹkì yẹn kì í ṣe fún àṣehàn. Lọ́dún tí a rà á, oyún bàjẹ́ lára ìyàwó mi lẹ́yìn tí a ti ń wá orúkọ. Ó wọ yàrá, ó kọjú sí ògiri. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wá gbàdúrà, wọ́n gbà á tán, wọ́n lọ, kò dìde. Láàárín ìgbà náà ni ẹlẹgbẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ fún mi ní iyùn kékeré kan tí kò ju àtàǹpàkò lọ, irú èyí tó máa ń là bí òdòdó wẹ́wẹ́, àárín rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀ bí ewé, etí rẹ̀ pọ́n bí ọsàn. Lọ́jọ́ kan mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo bá ìyàwó mi lórí àpótí níwájú gíláàsì, ó ní, "Ó tún ti yọ òmíràn." Òdòdó tuntun kan ló rí. Láti ọjọ́ náà ló ti ń jáde wá wò ó. Díẹ̀díẹ̀ ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ẹ̀fọ́ níwájú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Nígbà tí yóò fi tó ọdún méjì, iyùn òdòdó náà ti bo òkúta kan tó fẹ̀ tó àwo ìjẹun. Kò sí ohun ìní mi kankan tí mo ń bẹ̀rù fún tó òkúta yẹn.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ṣòfin. Iyùn tuntun kò gbọdọ̀ wọ táǹkì láìwẹ̀. Màá bu omi táǹkì sínú abọ́, màá kán oògùn aláwọ̀ ilẹ̀ kan sí i, òórùn rẹ̀ dà bí èyí tí nọ́ọ̀sì ń fi nu ojú egbò, màá ri iyùn náà bọ inú rẹ̀, màá máa mì ín, màá máa fi sírínjì fẹ́ omi sí ìdí rẹ̀, màá sì fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó fọ abẹ́ rẹ̀. Àwọn aràn tó fara pamọ́ á sì máa jábọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Lẹ́yìn náà màá fi omi mìíràn ṣàn án, á dá gbé nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló ń gbé. Ojú lásán kì í rí i.

Lọ́jọ́ tí Bàbá dé, mo dọ̀bálẹ̀, mo kí wọn kú ewu ọ̀nà, mo gba àpò, iyùn tuntun ló wà nínú omi rẹ̀, mo sì lọ gbé abọ́ àti oògùn mi. Wọ́n béèrè ohun tí mo fẹ́ ṣe. Mo fi ẹ̀rín ṣàlàyé. Bí mo ṣe ń ṣàlàyé ni ẹ̀rín ń kúrò lójú tiwọn. Wọ́n ní àwọn fúnra àwọn lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á, àwọn fúnra àwọn ló fọwọ́ yàn án, nítorí àwọn gbọ́ pé nǹkan yìí ló gbé ọmọ àwọn dìde. Wọ́n wá wo abọ́ náà.

"Ṣé ẹ̀gbin ni mo gbé wá fún yín ni?"

Mo ní rárá, sà. Ìyàwó mi wà lẹ́yìn mi, ó já mi léèékánná níhà, ó sọ ọ́ sí mi létí pé, "Jọ̀ọ́, bàbá mi ni." Kí ni kí n ṣe? Ẹni tó gba ọmọ lọ́wọ́ ènìyàn kì í bá a jiyàn lẹ́nu ọ̀nà. Mo gbé abọ́ padà. Bàbá ká apá aṣọ sókè, wọ́n gbàdúrà ṣókí, wọ́n ti ọwọ́ bọ omi, wọ́n sì gbé iyùn wọn kalẹ̀. Nínú gbogbo àyè tó wà nínú táǹkì, ẹ̀gbẹ́ òkúta ìyàwó mi ni wọ́n gbé e sí, wọ́n ní kí ó lè rí alábàárìn. Mo ní, "Ẹ ṣeun, sà. Ẹ kú ìnáwó, sà." Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀jẹ̀ sínú tu itọ́ funfun jáde. Mo tu ú lọ́jọ́ náà, ó funfun nini.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni Bàbá lò, ìdí táǹkì ni wọ́n sì ń jókòó sí ka Bíbélì wọn, kò sí bí mo ṣe lè yọ ohun tí wọ́n gbé wá. Nígbà tí wọ́n fi máa padà sí Èkó, àwọn òdòdó kan kò là mọ́ láàárọ̀. Mo wọn iyọ̀ omi, mo pààrọ̀ omi, mo gbé àwọn oníná mọ̀nàmọ́ná ṣépè. Ìgbà tí mo yí òkúta ìyàwó mi padà ni mo rí àwọn kòkòrò kan lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n kéré, wọ́n rọ̀, wọ́n ní irun ní ẹ̀yìn, àwọ̀ wọn sì tutù yọ̀yọ̀, etí wọn pọ́n bí ọsàn. Wọ́n ti jẹ òdòdó ìyàwó mi títí wọ́n fi gbé àwọ̀ rẹ̀ wọ̀. Mo gbé iyùn Bàbá, mo wo ìdí rẹ̀. Òkú òdòdó méjì tó jọ ti ìyàwó mi ti bá a wá láti ọ̀dọ̀ ẹni tó tà á, ẹyin kòkòrò sì lọ́ mọ́ wọn lára bí òwú. Mo wẹ òkúta wa nínú oògùn, mo fọ̀ ọ́, mo tún un wẹ̀, ṣùgbọ́n oògùn kì í pa ẹyin. Bí mo bá pa ìyá lónìí, ọmọ á jáde lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Nígbà tó yá, òkúta lásán ló kù.

Ìyàwó mi kò sunkún. Ó wo òkúta náà, ó kọjú sí mi, ó ní, "Ìwọ lo mọ̀ nípa ẹ̀. Kí ló dé tí o ò sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn?" Èmi! Èmi tí ó já léèékánná! Ó tún wá ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ fún bàbá òun, pé bí wọ́n bá gbọ́, wọn ò ní dárí ji ara wọn láéláé. Wọ́n ní sùúrù ni baba ìwà. Mo ṣe sùúrù, baba ìwà kò dá nǹkan kan padà fún mi.

Títí di òní, bí Bàbá bá ti ti ìsìn dé lọ́jọ́ Àìkú, fóònù mi á dún. Kí wọ́n tó béèrè àlàáfíà mi, wọn á ní, "Iyùn mi ńkọ́?" Màá ní ó ń dàgbà, sà. Òótọ́ ni, ohun tó sì ń dùn mí jù nìyẹn. Àwọn kòkòrò yẹn kì í jẹ irú iyùn tí Bàbá gbé wá. Iyùn náà rí bí olú, ó ti fẹ̀ bí agbòjò, ó ti bo ibi tí òdòdó ìyàwó mi wà. Èmi ló ń pààrọ̀ omi rẹ̀, èmi ló ń tan jẹnẹrétọ̀ fún un bí iná bá lọ. Ara ìyàwó mi le, ó ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n àpótí rẹ̀ ti wà ní kíṣìnnì, kò jókòó níwájú gíláàsì mọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, Bàbá ní àwọn ti rí èkejì rẹ̀, àwọn ń gbé e bọ̀ lọ́jọ́ Àjíǹde. N kò mọ ohun tó gbé mi. Mo ní, "Bàbá, èyí tí ẹ ń gbé bọ̀ yìí, a ó kọ́kọ́ wẹ̀ ẹ́ nínú oògùn kó tó wọlé, sà."

Ìyàwó mi ń ṣa ẹ̀wà. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ohùn Bàbá rọ̀, bí ìgbà tí olùkọ́ ń bá akẹ́kọ̀ọ́ tí orí rẹ̀ kò jí sọ̀rọ̀.

"Èyí tí ẹ ò wẹ̀ lọ́jọ́sí ńkọ́? Ṣé kò dàgbà ni?"

Mo wo ìyàwó mi. Ó wo ẹ̀wà rẹ̀. Ìbínú kò mọ̀ pé olúwa òun kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

"Ó dàgbà, sà," ni mo wí, mo sì tún dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.