Aṣọ Ìyàwó Tí Èmi àti Tọ́pẹ́ Lọ Wò ní Dublin

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán ní Mulhuddart, àdúgbò tí à ń gbé ní Dublin, nígbà tí èmi àti Tọ́pẹ́, ọmọ mi obìnrin, jáde nílé ní Sátidé náà. Tí òtútù bá dé níbí, èèyàn á ti jẹun àárọ̀ tán kí oòrùn tó yọjú. Ìpàtẹ aṣọ ìgbéyàwó àwọn ọmọ ọba Yúróòpù ayé àtijọ́ la fẹ́ lọ wò láàrin ìlú. Tọ́pẹ́ ló ní ká lọ.

Kò ní pẹ́ mọ́ tí ìdílé Kúnlé yóò wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ nílé wa. Láti Ìbàdàn ni bàbá Kúnlé àti ọkọ mi ti ń ṣọ̀rẹ́ bọ̀. Àwọn méjèèjì ló jọ sọ ọ̀rọ̀ pé kí Kúnlé fẹ́ Tọ́pẹ́, inú wọn sì ń dùn pé àwọn á di àna ara wọn. Nígbà tí wọ́n bi Tọ́pẹ́, “grand” ló fi dáhùn. Àwọn ará Dublin máa ń sọ bẹ́ẹ̀ tí nǹkan bá dára. Wọ́n tún máa ń sọ ọ́ tí wọn kò bá fẹ́ kéèyàn béèrè mọ́. Mi ò mọ èyí tó jẹ́, ọkàn mi kò sì balẹ̀.

Nínú bọ́ọ̀sì, èémí wa bo gíláàsì fèrèsé. Bí kálukú ṣe ń sọ̀kalẹ̀ ló ń dúpẹ́ lọ́wọ́ dírẹ́bà, tọmọdé tàgbà. Nílé ní Ìbàdàn, ariwo ṣéńjì la fi ń bọ́ sílẹ̀. A sọ̀ nítòsí Parnell Street, a mu tíì gbígbóná, a sì fi ẹsẹ̀ rìn dé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí ìpàtẹ náà wà. Ọ̀fẹ́ ni ìwọlé.

Obìnrin àgbàlagbà kan ló mú wa káàkiri. Ó dúró níwájú aṣọ funfun kan tí ìbàdí rẹ̀ tín-ín-rín. Ó ní ọmọ ọba tó wọ̀ ọ́ kò tíì pé ogún ọdún. Bàbá rẹ̀ àti ọba kejì ló fi ìgbéyàwó náà parí ìjà ààlà. Àwòrán ọkọ nìkan ni ọmọ náà rí kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ. Mo rántí pé àwọn ọba tiwa náà ń fi ọmọ wá àjọṣe láyé ọjọ́un. Nígbà tí mo yíjú, omi ti kún ojú Tọ́pẹ́.

Òyìnbó ló máa ń fi dá mi lóhùn. Lọ́jọ́ náà, Yorùbá ló sọ.

“Mummy, mi ò fẹ́ fẹ́ Kúnlé. Èèyàn dáadáa ni, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ ẹ.”

Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi tètè sọ. Ó ní inú Daddy ń dùn jù. Mo dì í mú níbẹ̀, lójú gbogbo àlejò. Ara tù mí, àfi ọkọ mi tí mo ń rò títí a fi délé.

Ó ń fọ abọ́ ní kíṣìnnì nígbà tí a wọlé. Tọ́pẹ́ kúnlẹ̀.

“Daddy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mi ò lè fẹ́ Kúnlé.”

Ọkọ mi nu ọwọ́, ó yíjú sí i. “Ìwọ náà?”

Ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti pè é lọ́sàn-án pẹ̀lú ìtìjú, pé Kúnlé ti ní ẹlòmíràn lọ́kàn. Láti ìgbà náà ló ti ń ronú bí yóò ṣe sọ ọ́ fún Tọ́pẹ́ tí kò fi ní bà á lọ́kàn jẹ́.

Ìrìn àjò náà kò ju ọ̀nà bọ́ọ̀sì kan lọ, ṣùgbọ́n ó kọ́ mi pé kò tó kí á kàn bi ọmọ léèrè. Ó yẹ kó mọ̀ pé a lè gba “rárá” lọ́wọ́ òun. Ọkọ mi gbé fóònù, ó pe bàbá Kúnlé padà. Láti pálọ̀ ni mo ti ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn méjèèjì.