Ta Ló Ba Íápíìsì Mi Jẹ́?

Èmi kì í fọkàn tán ènìyàn bọ̀rọ̀. Ọkọ mi a máa sọ pé bí máláíkà bá wọlé wá kí mi, màá kọ́kọ́ wo ọwọ́ rẹ̀ bóyá ó mú nǹkan. Kó máa sọ ọ́ lọ. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ta bọ́tìnnì àti òwú ìránṣọ ní Sabon Gari ní Zaria, mo sì ti rí oníbàárà tó kírun tán tó wá fi síìpù mẹ́ta sábẹ́ híjáàbù.

Nítorí náà, lọ́jọ́ tí íápíìsì mi kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́ mọ́, mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹnìkan ló wà nídìí ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àṣírí ni mo ń fi íápíìsì náà gbọ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Ìlọrin ló máa ń gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, tí yóò fi ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù. Ohun tí à ń sọ ni bí ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, yóò ṣe lọ máa gbé lọ́dọ̀ ìyá wa. Zaria la bí i sí, Hausa ló ń sọ láti àárọ̀ dalẹ́. Bí mo bá fi Yorùbá pè é, Hausa ni yóò fi dá mi lóhùn. Bí mo bá bínú, á ní, "Mama, ban gane ba," pé òun ò gbọ́ ohun tí mo wí. Nígbà tí ìyá mi wá kí wa lọ́dún Iléyá, ọmọ náà kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó fi Hausa kí i, ìyá mi sì bú sẹ́kún. Ojú gbà mí tì. Ọjọ́ yẹn ni mo pinnu. Ní ìdílé wa, ọmọ tí kò bá gbédè, ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ni wọ́n ń fi í ránṣẹ́ sí. Mi ò sì fẹ́ kó mọ̀ títí di àárọ̀ ọjọ́ tí yóò lọ, kó má baà fi ẹkún dà mí lọ́kàn rú.

Kì í ṣe òun ni mo ń fi íápíìsì sá fún o. Kí ló fẹ́ gbọ́ níbẹ̀? Obìnrin Ọ̀yọ́ tí a jọ pín ògiri nílé wa ní Tukur-Tukur ni mo ń sá fún. Ohun tí ẹ bá sọ nínú yàrá yín láàárọ̀, ẹ ó bá a lẹ́nu gbogbo àdúgbò lọ́sàn-án.

Ọjọ́ Àtàláátà ló ṣẹlẹ̀. Mo ki ẹnu wáyà bọ fóònù, mo tẹ ohùn ẹ̀gbọ́n mi, ló bá bẹ́ síta gbàù: "Àbúrò mi, lórí ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn..." Yéè! Mo sáré fi ìrọ̀rí bò ó mọ́lẹ̀. Mo yọ wáyà, mo tún kì í bọ̀ ọ́. Mo pa fóònù, mo tàn án. Mo wò ó bóyá bulutúùtù ló wà ní títàn, kò sí ní títàn. Mo ṣẹ́ igi ìgbálẹ̀ kan, mo fi ro inú ihò tí wáyà ń wọ̀, pàbó ló já sí.

Ẹni tó tà á fún mi ni mo kọ́kọ́ ṣépè fún. Àmọ́ nígbà tí mo ki wáyà náà bọ fóònù ọkọ mi, ó ń sọ̀rọ̀ ketekete. Háà! Fóònù mi ni wọ́n ṣe nǹkan sí nìyẹn. Ta ló sì gbà á lọ́wọ́ mi kẹ́yìn? Ọkọ mi ni. Ó ní òun fẹ́ pe ibi iṣẹ́ wọn ní Shika, kírédíìtì òun ti tán. Ọkọ mi kò sì fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ kí ọmọ náà lọ. "Tóò, ìwọ lo mọ̀" ló máa ń wí, bí àwọn ọkùnrin ṣe ń wí tí wọn ò bá fẹ́ ìjà. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.

Àmọ́ mo ní láti gbọ́ iṣẹ́ tí ẹ̀gbọ́n mi rán. Mo wọ yàrá inú lọ́hùn-ún, mo ti ilẹ̀kùn, mo dín ohùn fóònù kù. Ọmọ mi wà níbẹ̀ lórí ẹní, ó ń ṣa ẹ̀wà. Mi ò wulẹ̀ lé e jáde. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Sátidé yìí ni mò ń bọ̀ wá mú un. Di ẹrù rẹ̀, má jẹ́ kó mọ̀. Màmá ní kò ní padà sí Zaria àfi tó bá parí sẹ́kọ́ńdìrì." Ọmọ náà ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ, kò gbójú sókè.

Ní Àlàmíìsì mo gbé fóònù lọ bá ọkùnrin Hausa kan tó ń tún un ṣe nítòsí ṣọ́ọ̀bù mi. Mo dúró tì í gbọnyin, mi ò ṣẹ́jú, nítorí wọ́n lè yọ ohun tó dára nínú fóònù ẹni kí wọ́n fi jákujàku rọ́pò. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò íápíìsì, ó rẹ́rìn-ín, ó fi ẹ̀mú tín-ín-rín fa nǹkan yọ. Òwú ni, irú èyí tí wọ́n fi ń nu egbò, kì í ṣe ti ìránṣọ. Ó ní òwú yìí ni kò jẹ́ kí ẹnu wáyà wọlé dé ìdí, òun ló fà á tí ohùn fi ń jáde síta.

Mo gbóòórùn òwú náà. Lọ́fíńdà ọkọ mi! Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ló máa ń fi òwú tó rẹ sínú lọ́fíńdà há etí lọ sí mọ́ṣáláṣí, agolo òwú náà sì wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀. Ọwọ́ mi tẹ ẹ́.

Ó ń jẹun ìrọ̀lẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí mo ju òwú náà síwájú rẹ̀.

"Òwú ta nìyí?"

Ó gbé e símú. "Ó jọ tèmi."

"Ó jọ tiyín! Bí ẹ ò bá fẹ́ kó lọ, ṣé ẹ ò lẹ́nu ni? Àgbà bíi tiyín, ẹ wá ń dí ihò fóònù?"

"Wallahi, mi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀."

"Ẹ má búra fún mi!"

"Màámi, ẹ má bá bàbá mi jà. Èmi ni mo fi síbẹ̀."

Yorùbá ni. Mo yíjú bìrí. Ọmọ mi ló dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn.

"Èsì tí ẹ máa ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ fún àǹtí nìkan ni mò ń gbọ́," ó ní. "Ẹ̀ ń sọ pé, 'Kò tíì fura. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ mọ́.' Mi ò mọ ibi tí ẹ fẹ́ gbé mi lọ. Ni mo bá mú òwú bàbá mi, mo fi dí i, kí ohùn wọn lè jáde síta."

Mo bi í pé, "Ta ló kọ́ ẹ ní Yorùbá?"

"Ẹ̀yin àti bàbá mi. Tí ẹ bá ń jà, òun lẹ máa ń sọ."

Ọkọ mi sún oúnjẹ rẹ̀ sẹ́yìn.

"Kí ló wá dé tí o kì í fi dá mi lóhùn?"

"Tí mo bá ṣì í sọ, ẹ máa ń rẹ́rìn-ín. Ẹ tún máa ń pe àǹtí kí ẹ lè sọ ọ́ fún wọn, ẹ ó sì jọ fi mí rẹ́rìn-ín." Ó nu imú. "Mo ti ń sọ ọ́ báyìí, Màámi. Ṣé mo ṣì máa lọ ní Sátidé?"

Òótọ́ ni. Mo ti fi ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí, mo pè é ní eré. Ó dùn mí dénú egungun. Mo mú fóònù, mo gba ohùn mi sílẹ̀: "Àǹtí, ẹ má wá mọ́. Ọmọ mi ò lọ síbì kankan."

Mo fẹ́ fi ránṣẹ́, ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní kí n kọ́kọ́ jẹ́ kí òun gbọ́ ohun tí mo wí, kó lè dá òun lójú. Mo tẹ̀ ẹ́ fún un. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní kí n tún un tẹ̀.