Bíbélì Tó Mú Iṣu Àwẹ̀ró Jóná

Bí ẹ bá pàdé àgbàlagbà ará Ìkàrẹ́ kan tó ti gbọ́njú ní nǹkan bí ọdún 1955, ẹ dárúkọ Baba Fágbàmílà ará Ọ̀kà fún un. Kò ní tètè dá yín lóhùn. Ẹ̀rín ni yóò kọ́kọ́ rín, á rín in títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀, lẹ́yìn náà ni á wá bi yín pé, "Èyí tó sun iṣu fún Bíbélì?"

Òun náà ni. Ọjọ́ ọjà ni. Àwẹ̀ró, ìyàwó rẹ̀, rò pé èlùbọ́ làwọn wá tà. Àfi bí wọ́n ṣe dé iwájú ilé ìtàwé ṣọ́ọ̀ṣì tí Baba sọ ẹrù kalẹ̀, tó yọ òkúta ìdáná, igi gbígbẹ àti odindi iṣu kan jáde nínú àpò, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá iná sí gbangba. Ojú ti Àwẹ̀ró débi pé ó fi gèlè bo ojú. Ṣùgbọ́n obìnrin tó mọ ọkọ rẹ̀ mọ ìgbà tí àríyànjiyàn ò wúlò, ó jókòó ti iná, ó fi iṣu sí i.

Mísì Bridget tó ń ta ìwé sáré jáde. "Baba! Ẹ jọ̀ọ́, ìwé ló kún inú ilé yìí o! Bí iná bá ta sí i ńkọ́?"

"Má fòyà, ọmọ mi. Ìyàwó mi ló wà nídìí rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ, iṣu rẹ̀ ò jóná rí."

"Kí ni iṣu wá fẹ́ bá Bíbélì ṣe?"

"Bíbélì ni mo wá rà. Kó gbogbo èyí tí o ní jáde, kí o jókòó síbí, kí o máa kà wọ́n sókè. Èyí tó bá wọ Àwẹ̀ró létí débi pé ó gbàgbé àtiyí iṣu padà, òun ni n ó rà. Bí iṣu ò bá jóná, ọ̀rọ̀ ò tíì wọlé nìyẹn."

Kí Mísì tó mọ ohun tó máa wí, èrò ti pé. Ó kúkú gbé àga jáde. Ó ka ìtàn Jónà nínú Bíbélì Yorùbá. Àwẹ̀ró yí iṣu padà. Ó mú èyí tí wọ́n fi òyìnbó àtijọ́ kọ, ó ń kà á, ó ń túmọ̀ rẹ̀. Àwẹ̀ró yí iṣu padà. Ó mú èyí tí wọ́n fi òyìnbó tuntun kọ, tí wọ́n ní ọmọ iléèwé lè gbọ́. Àwẹ̀ró fẹ́ iná, ó tún yí iṣu padà. Suleiman aránṣọ ti fi ẹ̀rọ rẹ̀ sílẹ̀ ní òdìkejì, ó ti wá dúró. "Ìyá," ló wí, "àwa náà mọ Jónà, Yúnúsà là ń pè é. Ìtàn náà dùn. Ṣùgbọ́n iṣu yìí ti jinná o, kí n lọ mú epo wá?"

Ó mú epo wá lóòótọ́. Iṣu náà pọ́n dáadáa, kò síbi tó dúdú lára rẹ̀, gbogbo èrò sì bá wọn jẹ ẹ́. Baba Fágbàmílà nìkan ni kò jẹ. Ó di ẹrù rẹ̀, ó gba ọ̀nà Ọ̀kà lọ láìra Bíbélì kankan.

Ohun tí àwọn ará Ìkàrẹ́ ń rẹ́rìn-ín sí nìyẹn. Àwẹ̀ró nìkan ló mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ẹ̀rín.

Ẹ̀yin ẹ gbọ́ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Baba ní Bíbélì Yorùbá kan tẹ́lẹ̀, àpótí ìdí bẹ́ẹ̀dì ló ń gbé e sí. Lọ́jọ́ kan ó ṣí àpótí, ikán ti jẹ Bíbélì náà láti ìṣẹ̀dá ayé títí dé ibi tí wọ́n ti sọdá òkun. Àwẹ̀ró rò pé á bínú. Baba mi orí, ó ní, "Ṣé o rí i? Ikán pàápàá ti gba ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sínú. Ó ku ìwọ."

Ọmọ apá Òkè-Àgbè ni Àwẹ̀ró, ní ilé tí wọn kì í ti í sọ Yorùbá bí ò bá ṣe pé àlejò dé. Ọkọ àti ọjà ló kọ́ ọ ní Yorùbá. Kì í ṣe pé ó kórìíra ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ń fọ aṣọ tí Baba ń wọ̀ lọ, ó ń gbá ojúde ṣọ́ọ̀ṣì bí àwọn obìnrin tó kù bá ń gbá a. Bí wọ́n bá ní kó wá ṣe ìrìbọmi ni yóò ní, "Èmi àti Ọlọ́run yín ò jà. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, ó ń sọ̀rọ̀ bí akọ̀wé kóòtù. Mo ń gbọ́ ohun tó ń wí. Kò kàn jọ pé èmi ló ń bá wí ni."

Baba náà ò lè bá a jiyàn púpọ̀, nítorí òun fúnra rẹ̀ yọ àlùfáà lẹ́nu lọ́jọ́ ìrìbọmi tirẹ̀. Àlùfáà bi í pé orúkọ tuntun wo ló fẹ́. Ó ní Fágbàmílà. Àlùfáà ní, "Baba, ṣé Ifá ló gbà yín là ni?" Ó ní, "Nígbà tí mo wà lọ́mọdé tí àìsàn fẹ́ pa mí, ohun tí àwọn òbí mi wí nìyẹn. Ẹ̀yin ò tíì dé nígbà náà. Ṣé kí n wá fi irọ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Ọlọ́run lọ́jọ́ àkọ́kọ́?" Àlùfáà ronú sí i, ó da omi sí i lórí, Fágbàmílà náà ló sì jẹ́ dọjọ́ ikú.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ọyẹ́ ọdún yẹn mú, ikọ́ kan dé sí i láyà, kò sì lọ mọ́. Òun àti Àwẹ̀ró ń bọ̀ láti oko lọ́jọ́ kan, ó dúró lójú ọ̀nà kó lè mí.

"Àwẹ̀ró, wọ́n ní kò sí ìjà lọ́run."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀."

"Ó dáa kẹ̀? Ta ni mo wá fẹ́ máa bá jà níbẹ̀? Bí n bá débẹ̀ tí n ò bá rí ọ, màá padà wálé ni."

"Wọn kì í padà, Baba Mosúnmọ́lá." Orúkọ ọmọ wọn ni Àwẹ̀ró fi ń pè é.

"Ìyẹn gan-an ló ń já mi láyà."

Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín nígbà náà, ó sì gba ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e fún un délé. Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ náà, ó jókòó, ó ń gbọ́ bí Baba ṣe ń wú ikọ́ lójú oorun. Ó mọ̀ pé ẹ̀rù ń ba ọkọ òun. Ó sì mọ̀ pé òun ò lè tìtorí ẹ̀rù ọkọ lọ purọ́ nínú omi, kí òun ní òun gbọ́ ohun tí òun ò gbọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé iṣu dé Ìkàrẹ́.

Mísì Bridget ò gbàgbé wọn. Ó ránṣẹ́ pe Baba, ó sì yá a ní Bíbélì kan tó wúwo, èyí tí wọ́n kọ àlàyé sí ìsàlẹ̀ gbogbo ojú ìwé rẹ̀. Ó ní, "Ẹ gbé e lọ yẹ̀ wò, Baba. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí epo kàn án." Baba fi aṣọ ìgbà ọdún rẹ̀ wé e.

Òyìnbó ni ìwé náà, nítorí náà Tíṣà Adégbóyèga, olùkọ́ iléèwé ṣọ́ọ̀ṣì, ló ń wá kà á fún wọn nírọ̀lẹ́, Àwẹ̀ró a sì máa sun iṣu. Ìtàn Rúùtù ni Tíṣà mú, ó ní obìnrin ló kàn. Ó ka òkè, ó sì ka ìsàlẹ̀. Ẹnu ya Baba.

"Ta ló ń sọ̀rọ̀ nísàlẹ̀ yẹn?"

"Àwọn ọ̀mọ̀wé ni, Baba."

"Wọ́n ń dá sí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run?"

"Wọ́n ń là á yéni ni."

"Hùn. Ọlọ́run ní sùúrù o."

Tíṣà yìí náà, ká má purọ́, ó fẹ́ràn ìwé jù. Bíbélì kan ò tó o. Á to mẹ́ta sórí itan, á ka ẹsẹ kan nínú Yorùbá, á tún ka ẹsẹ náà nínú òyìnbó àtijọ́, á tún kà á nínú tuntun, á wá ní kí wọ́n wo bí ó ṣe yàtọ̀ síra. Àwẹ̀ró fara dà á títí, ó wá gbé orí sókè. "Tíṣà, ohun kan náà lẹ sọ lẹ́ẹ̀mẹta yìí. Ṣé wọ́n ní mo dití ni?" Ó yí iṣu rẹ̀ padà. Iṣu náà ò jóná.

Wọ́n wà lẹ́nu rẹ̀ títí Tíṣà fi lọ sí ìpàdé ní Ìkun. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, òjò ká Baba àti Àwẹ̀ró mọ́ inú ahéré lóko. Kò sí Bíbélì níbẹ̀, kò sí Tíṣà. Àwẹ̀ró dá iná, ó fi iṣu sí i. Baba jókòó, ó ń wú ikọ́, ó ń wo òjò. Àfi bó ṣe yanu tó bẹ̀rẹ̀ ìtàn Rúùtù ní èdè ilé Àwẹ̀ró.

Àwẹ̀ró wò ó bí ẹni tó rí ajá tó ń kọrin. Láti ìgbà tí Baba ti fẹ́ ẹ, ó máa ń fi èdè náà kí àwọn àna rẹ̀, ó sì máa ń fi ra ẹran ní ọjà wọn. Kò fi ṣe nǹkan mìíràn rí. Nítorí náà, nígbà tó dé ibi tí Rúùtù ti ń bẹ ìyá ọkọ rẹ̀ pé òun ò ní padà lẹ́yìn rẹ̀, Baba sọ ọ́ bí ẹni tó ń ná ewúrẹ́.

"Rárá o!" ni Àwẹ̀ró ké. "Ta ló ń bá ìyá ọkọ sọ̀rọ̀ báyẹn? Wọn á lé e jáde! Ó ní láti kúnlẹ̀ ná."

"Kò sí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀."

"Ó kúnlẹ̀! Ṣé ìwọ ló gbé e níyàwó ni? Á kúnlẹ̀, á di ẹsẹ̀ ìyá mú, á wá sọ pé..."

Ó sì sọ ọ́. Ó sọ ọ́ ní èdè ìyá tó bí i. Bó ṣe ń sọ ọ́, ọjọ́ tí òun fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ dé Ọ̀kà wá sí i lọ́kàn, tí kò gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni ń wí, tí ìyá Baba ò gbọ́ tirẹ̀, tí ìyá náà kàn fà á lọ́wọ́ lọ sídìí àárò, tó fi ìṣáná lé e lọ́wọ́. Ohùn Àwẹ̀ró yí padà. Omijé bọ́.

"Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí i?" ló bi ọkọ rẹ̀.

"Ó lọ pèéṣẹ́ ọkà lóko olóko."

"Wọ́n jẹ́ kí àjèjì pèéṣẹ́?"

"Olóko ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ó tiẹ̀ ní kí wọ́n máa mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀ fún un."

"Ọkùnrin yẹn ń wò ó nìyẹn."

"Ó ń wò ó. Ó sì fẹ́ ẹ."

"Tòun ti àjèjì rẹ̀?"

"Àjèjì bíi tìrẹ. Ó fẹ́ ẹ, kò kábàámọ̀ rẹ̀ títí dòní."

Àwẹ̀ró ń wo ojú ọkọ rẹ̀. Òjò ń rọ̀. Baba ló kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀. Ó wo iná. Iṣu ti dúdú kirikiri, èéfín ń rú lára rẹ̀.

"Ó jóná!" Baba fò sókè, ó bọ́ sínú òjò, tikọ́tikọ́. "Ẹ gbà mí o! Ó jóná! Ó jóná!"

Àwọn alábàágbé oko gbé ìkòkò omi, wọ́n sáré dé, wọ́n rò pé ahéré ló ń jó. Wọ́n bá Baba Fágbàmílà tó ń jó nínú ẹrẹ̀, pẹ̀lú iṣu tó jóná lọ́wọ́. Wọ́n ní kí àwọn bá a fi ọ̀bẹ họ ọ́. Ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ họ ọ́. Òun nìkan ló jẹ ẹ́ tán, tèèpo tèédú, ètè rẹ̀ dúdú wọlé.

Ní ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, ó gbé Bíbélì ńlá náà padà sí Ìkàrẹ́.

"Ṣé èyí ló mú iṣu jóná, Baba?" ni Mísì Bridget bi í.

"Kò sí èyí tó mú un jóná nínú gbogbo wọn. Èmi àti òun la jọ jó o." Ó gbé ìwé náà sórí kántà, kò sì gbọ́wọ́ kúrò lórí rẹ̀. "Ṣùgbọ́n èyí tó ní Àwẹ̀ró nísàlẹ̀ ojú ìwé ni mo fẹ́."

"Àwẹ̀ró kẹ̀?"

"Òkè á sọ̀rọ̀, ìsàlẹ̀ á fèsì. Kò sí ohun tí òkè wí tí ìsàlẹ̀ máa jẹ́ kó kọjá. Ọmọ mi, ilé mi nìyẹn."

Baba rà á. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é lẹ́yìn náà. Tíṣà á kà á, Baba á sọ ọ́ ní èdè apá Òkè-Àgbè bó ṣe mọ, Àwẹ̀ró á ní kò rí bẹ́ẹ̀, á tún un sọ. Nígbà tí Àwẹ̀ró dé ibi ìrìbọmi, àlùfáà kọ́kọ́ wo Baba níbi tó jókòó sí. Kò bi obìnrin náà ní orúkọ tuntun kankan. "Àwẹ̀ró," ló wí, ó sì da omi sí i.

Ọyẹ́ tó tẹ̀ lé e ni ikọ́ náà gbé Baba lọ. Wọ́n sin ín sí itẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì lábẹ́ òkè. Àwọn èèyàn ní Àwẹ̀ró ṣe bí akin lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì dé, tí olúkúlùkù ń gbé iṣu tó tóbi jù lóko rẹ̀ lọ síwájú pẹpẹ, Àwẹ̀ró dìde pẹ̀lú igbá kan tó fi aṣọ funfun bò. Ó gbé e kalẹ̀ láàárín iṣu àwọn èèyàn, ó ṣí i. Iṣu sísun kan ló wà níbẹ̀, ó jóná bí èédú.

Mísì Bridget tó wá láti Ìkàrẹ́ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, Tíṣà gbà á, ó sì gba gbogbo ilé kan, títí dé ọ̀dọ̀ àlùfáà tó di àga rẹ̀ mú kó má baà ṣubú. Bàbá ìjọ kan tí kò rẹ́rìn-ín dìde, ó fẹ́ gbé igbá náà kúrò. "Ìyá, wọn kì í gbé iṣu tó jóná wá fún Ọlọ́run."

"Mo mọ̀, bàbá," ni Àwẹ̀ró wí. "Kì í ṣe Ọlọ́run ni mo gbé e wá fún. Ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run ni, kó bá mi gbé e fún Baba Mosúnmọ́lá. Ẹ ní kó má họ ọ́. Ẹ ní kó máa jẹ ẹ́ ná, kó má jẹ́ kó sú òun, kó má sì wá ẹlòmíràn bá jà. Ẹ ní mò ń bọ̀."

Àlùfáà nu ojú rẹ̀. Ó gbé igbá náà fúnra rẹ̀, ó gbé e sí àárín gbùngbùn tábìlì, ibẹ̀ ló sì wà títí ìsìn fi parí.