Ìsọ̀ Tí Ìyá Mi Ti Kó Kúrò

Òórùn irú ló pàdé mi lọ́jà Akẹ̀sán lọ́jọ́ náà, níbi tó yẹ kí n ti gbọ́ òórùn òfì tuntun. Mo ti sọ báàgì kalẹ̀, mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kúnlẹ̀ kí ìyá mi, kí n tó rí i pé obìnrin tí n kò mọ̀ rí ló jókòó sídìí ìsọ̀ wọn. Ẹsẹ̀ ló kàn gbé mi débẹ̀, torí láti kékeré ló ti mọ ọ̀nà.

Ọkàn mi ò sí lọ́jà rárá. Mo ń bọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí mo ti ń kẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà, tí mo sì gba yàrá sí Sábó. Ètò kọ̀ǹpútà tí mo fi èdè C kọ fún iṣẹ́ àṣekágbá ló ń dà mí láàmú. Bí mo bá kó orúkọ díẹ̀ sínú rẹ̀, á ṣiṣẹ́ wẹ́rẹ́. Bí orúkọ bá pọ̀, á máa sọ ìsọkúsọ, tàbí kó kú pátápátá. Ọjọ́ Ajé ni màá gbé e síwájú àwọn olùkọ́, ọ̀gá tó ń bójú tó mi sì ti sọ pé, "Tó bá kú níwájú wa, o máa tún ọdún yìí ṣe nìyẹn." Ẹ̀rù yẹn ni mo gbé wálé.

"Ọmọ ìyá olófì, àbí?" ni ìyá onírú náà bi mí. "Ìyá ẹ ti kó lọ sápá ẹ̀yìn. Ẹrù wọn pọ̀ ju ibí lọ, kò sì sáyè lọ́tùn-ún lósì, ni wọ́n bá fún wọn ní ìsọ̀ ńlá lọ́hùn-ún."

Ètò mi ló sọ sí mi lọ́kàn lójú ẹsẹ̀. Nínú èdè C, ìwọ fúnra rẹ lo máa tọrọ àyè lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà. Bí ẹrù rẹ bá pọ̀ sí i, wàá ní kó bá ọ fẹ àyè náà, realloc là ń pe ìyẹn. Bí ẹ̀gbẹ́ rẹ bá ṣófo, á fẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Bí kò bá ṣófo, á kó ẹrù rẹ lọ síbòmíràn, á sì fún ọ ní àdírẹ́sì tuntun. Àṣé ètò mi gba àyè tuntun, àmọ́ àdírẹ́sì àtijọ́ ló ṣì ń lọ wò. Mo ti ka òfin yìí, mo tiẹ̀ ti fi gba máàkì nínú ìdánwò! Irú ni mo ti ń kà sí òfì látọjọ́ yìí.

Nígbà tí mo rí ìyá mi láàárín aṣọ, tí mo ròyìn ibi tí mo kọ́kọ́ yà sí, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

"Ìsọ̀ lò ń wá ni, àbí èmi?"

Ibẹ̀ náà ni mo jókòó sí tún iṣẹ́ mi ṣe. Lọ́jọ́ Ajé, ó gba gbogbo orúkọ láìkọsẹ̀.

Ọdún ti gorí ọdún báyìí. Ìyá mi kò lọ sọ́jà mọ́, iyè wọn sì ti ń rá. Nígbà mìíràn wọ́n á fi orúkọ àbúrò wọn tó ti kú pè mí, wọ́n á bi mí bóyá mo ti pọnmi dé. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń bá wọn jiyàn pé, "Màámi, èmi ni," màá sì wọ yàrá lọ sunkún. Ó dùn mí gan-an. Ó pẹ́ kí ìbéèrè ọjọ́ náà tó padà sí mi lọ́kàn, tí mo fi mọ̀ pé ìsọ̀ àtijọ́ ni mo ń wá, kì í ṣe ìyá mi.

Ní báyìí, bí wọ́n bá béèrè omi, mo máa ń sọ pé, "Mo ti pọn ọ́n dé, ẹ̀gbọ́n mi." Wọ́n á wá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ìdí òfì ọjọ́ yẹn gan-an.