Ìyá Tí Mo Yọ Kúrò Nínú Ìwé Mi

Nígbà tí mo wà ní kékeré, àlejò ni wá ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Tísà ni bàbá mi. Láti Èkìtì ni wọ́n ti gbé e wá sí ilé ìwé ìjọ wa ní Òkè-Agbo. Bí mo bá ti la ẹnu, àwọn ọmọ kíláàsì mi á bú sẹ́rìn-ín, wọ́n á ní kí n tún un sọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti ka ìwé mi mọ ọmọbìnrin inú rẹ̀ dáadáa. Èmi ni.

Láyé ìgbà yẹn, ìdílé ni wọ́n fi ń pe èèyàn lọ́jọ́ Ìkórè. Akọ̀wé ìjọ á ka orúkọ ìdílé kan, tọmọdé tàgbà wọn á dìde, wọ́n á jó gbé iṣu àti adìyẹ lọ síwájú. Ìgbẹ̀yìn ni ti àwa àlejò. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ó wà nílé. Bàbá mi wà nídìí dùùrù. Èmi nìkan ni mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì wa, ìbẹ́pẹ méjì wà lórí itan mi. Akọ̀wé pe gbogbo ìdílé tán, ó pa ìwé rẹ̀ dé. Ó gbàgbé wa. Ẹ wò ó, ojú tì mí, mo rò pé gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ló ń wò mí.

Ìyá àgbà kan wà tí ilé rẹ̀ kángun sí tiwa, ẹnu rẹ̀ le, a máa ń sá fún un ni. Ó ti jó tirẹ̀ tán, ó ti jókòó. Mo rí i tó tún dìde, tó tún gèlè wé, tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Ó fà mí lọ́wọ́. Akọ̀wé ní, “Ìyá, ìdílé yín ti kọjá.”

Ó ní, “A ò tíì pé. Ọma mi rèé.”

Ọma ni wọ́n ń pe ọmọ níbẹ̀. Bàbá mi tún orin bẹ̀rẹ̀. Mo jó, ìbẹ́pẹ kan bọ́ lọ́wọ́ mi, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n nínú ìwé mi, kò sẹ́ni tó wá. Ọmọ náà jókòó síbẹ̀ títí ìsìn fi parí. Mo rò pé bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe wọ òǹkàwé lọ́kàn jù, ibẹ̀ náà sì ni àwọn tó fún mi ní ife ẹ̀bùn nítorí ìwé náà yìn jù. Mo fi ẹ̀bùn yẹn yangàn, n kò ní parọ́. Ojoojúmọ́ ni mò ń nù ún. Lóṣù tó kọjá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì pè mí sí Àgọ́-Ìwòyè láti wá sọ̀rọ̀ lórí ìwé náà. Ọmọbìnrin kan dìde, ó ní ìyá tó bí bàbá bàbá òun ni ìyá tó fà mí lọ́wọ́ lọ́jọ́ Ìkórè yẹn.

Ó ní, “Màmá, nílé wa, wọ́n ṣì ń sọ ti ọmọ tísà oníbẹ́pẹ. Kí ló dé tí ẹ yọ ìyá wa kúrò?”



Ayé ti yí. Lónìí, oṣù tí wọ́n bí èèyàn ni ṣọ́ọ̀ṣì fi ń pè é, àlejò àti onílé jọ ń jó ni. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò ní mọ̀ pé ìgbà kan wà tí ẹnì kan ní láti dìde kí àlejò tó lè jó, ìyá yẹn sì dìde. Mo ti kọ̀wé sí àwọn tó ń tẹ ìwé mi pé mo fẹ́ dá ìyá náà padà sínú rẹ̀. Wọ́n ní kò yẹ ká fọwọ́ kan ìwé tó ti gba ẹ̀bùn. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí ìyá mi wọlé. Bí èyí bá dun àwọn tó fún mi lẹ́bùn, kí wọ́n wá gbé ẹ̀bùn wọn.